Ìyá Ni Ẹja Ńlá Yẹn: Ọ̀rọ̀ Lórí Sewin Odò Tywi

Ọ̀rọ̀ tí mo sọ níbi ìpàdé àwa ọmọ Yorùbá tó ń gbé ní Swansea àti Carmarthen, ní Wales, nìyí. Àwọn tí iṣẹ́ kò jẹ́ kí wọ́n wá ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀, mo sì kọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́.

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ̀yin bàbá, mo dọ̀bálẹ̀. Ẹ̀yin ìyá, mo dọ̀bálẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ wà lẹ́yìn, mo kí yín. Ẹ̀yin tí ẹ ti ibi iṣẹ́ òru bọ́ síbí láìtíì fojú kan oorun, ẹ kú iṣẹ́, agbára yín kò ní pin. Alága, mo dúpẹ́ tí ẹ fún mi láyè. Mo tọrọ gáfárà lọ́wọ́ ẹ̀yin àgbà kí n tó la ẹnu.

Wọ́n ní kí n wá sọ ohun tí mò ń lọ ṣe létí odò lóru. N ó sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bi yín léèrè. Àwa tí a ń gba orí afárá Carmarthen kọjá lójoojúmọ́, mélòó nínú wa ló ti dúró wo ohun tó ń kọjá lábẹ́ rẹ̀, nínú odò Tywi? Lóru oṣù June, nígbà tí ẹlòmíràn nínú wa ń wa ọkọ̀ lọ síbi iṣẹ́, ẹja kan ń gba abẹ́ afárá yẹn kọjá. Ó ń ti òkun bọ̀. Ara rẹ̀ funfun, ó ń dán. Òmíràn gùn ju apá àgbàlagbà lọ. Orí òkè, nínú odò kékeré tí wọ́n ti bí i, ló ń lọ. Sewin ni àwọn ará Wales ń pè é. Sea trout ni àwọn ará England ń pè é.

Nǹkan kan ṣoṣo ni mo bá wá síbí lónìí, n ó sì máa tún un sọ títí yóò fi wọ̀ yín létí: èyí tó tóbi jù nínú ẹja yìí, ìyá ni. Mo tún un sọ, ìyá ni.

Ọmọ ìyá kan náà

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orísun. Nínú àwọn odò kéékèèké tó ń ṣàn láti orí òkè Wales, ẹja kan wà tí ara rẹ̀ pọ́n rúsúrúsú, tó ní àmì dúdú àti àmì pupa lẹ́gbẹ̀ẹ́. Trout ni. Inú odò ni wọ́n ti bí i, inú odò náà ni yóò gbé dàgbà, ibẹ̀ ni yóò kú sí. Ọjọ́ pẹ́ tí àwọn ọ̀mọ̀wé fi gbà pé ọ̀tọ̀ ni ẹja yẹn, ọ̀tọ̀ ni sewin. Linnaeus, ará Sweden tó fún àwọn ohun ẹlẹ́mìí lórúkọ ní ọdún 1758, fún trout ní ju orúkọ kan lọ, ó rò pé ẹ̀yà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Lónìí a ti mọ̀ pé ẹja kan ṣoṣo ni gbogbo wọn, Salmo trutta. Abo kan náà lè yé ẹyin sí ojú kan, kí ọmọ kan jókòó sínú odò títí ayé rẹ̀, kí èkejì gba òkun lọ.

Báwo ló ṣe ń lọ? Wọ́n á lo ọdún méjì tàbí mẹ́ta nínú odò. Nígbà tó bá di oṣù April sí May, ara àwọn kan nínú wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà. Àmì pupa á pòórá, ara á di funfun. Inú pàápàá ń yí padà, ìyẹn ló sì yà mí lẹ́nu jù nígbà tí mo kọ́kọ́ kà nípa rẹ̀. Omi odò máa ń wọ ara ẹja fúnra rẹ̀, nítorí náà ẹja odò kì í yéé tọ̀. Omi òkun ní tirẹ̀ máa ń fa omi jáde lára ẹja, nítorí náà ẹja òkun gbọ́dọ̀ máa mu omi, kó sì máa ti iyọ̀ jáde níbi tó fi ń mí. Iṣẹ́ méjì tó takora ni. Ẹja kékeré yìí, tí kì í sábà gùn ju 20 sẹ̀ǹtímítà lọ, á pa ọ̀kan tì, á kọ́ èkejì láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kó tó dé ẹnu odò.

Ta wá ni ń lọ, ta ni ń dúró? Àwọn abo ló ń lọ jù. Ẹ wò ó báyìí: akọ kò nílò kó tóbi kó tó di bàbá. Akọ kékeré tí kò kúrò nínú odò rí lè yọ́ wọlé nígbà tí abo ńlá bá ń yé, kó da àtọ̀ sórí ẹyin, kó sì bímọ. Abo kò ní irú àǹfààní yẹn. Bí ara rẹ̀ bá ṣe tóbi tó ni ẹyin rẹ̀ ṣe máa pọ̀ tó. Abo kékeré tó jókòó sínú odò òkè, níbi tí oúnjẹ ti ṣọ̀wọ́n, ẹyin rẹ̀ lè má ju igba tàbí ọ̀ọ́dúnrún lọ. Èyí tó lọ sókun, tó jẹ ẹja wẹ́wẹ́ àti edé yó, tó padà dé pẹ̀lú kílò mẹ́ta lára, ẹyin inú rẹ̀ lè tó ẹgbẹ̀rún mẹ́rin tàbí márùn-ún. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ fi ọmọ sílẹ̀ sọ́dọ̀ màmá yín n'Íbàdàn tàbí l'Óṣogbo kí ẹ tó lè wá ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì níbí, mi ò ní láti ṣàlàyé fún yín ìdí tí abo fi ń forí la ewu òkun.

Àjò kì í sì í dùn kí onílé má re ilé. Àwọn kan á lo oṣù mélòó kan péré nínú òkun, wọ́n á padà ní July tàbí August láìtíì tó ìdajì kílò. Àwọn mìíràn á lo ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn wọ̀nyí ló ń kọ́kọ́ wọ Tywi, láti oṣù April. Nígbà tí October bá dé títí wọ December, abo á wá ibi tí òkúta wẹ́wẹ́ wà, tí omi tó mọ́ ń ṣàn gba àárín òkúta. Á dẹ̀gbẹ́, á fi ìrù gbọ́n òkúta títí ihò á fi ṣí, á yé ẹyin sínú rẹ̀, á bọ́ síwájú, á tún gbọ́n òkúta bo ẹyin náà.

Salmon ti etí òkun Pacific, bó bá yé ẹyin tán, ó di òkú. Sewin ń kọ́? Ọ̀pọ̀ wọn á rù, ara á gbẹ, ṣùgbọ́n wọ́n á sọ̀ kalẹ̀ padà sókun, wọ́n á jẹun, wọ́n á sanra, wọ́n á sì tún padà wá yé lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Àwọn kan ti ṣe bẹ́ẹ̀ ní ìgbà márùn-ún, mẹ́fà, jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ lè bi mí pé, ta ló kà á? Ara ẹja náà ló kọ ọ́ sí. Ẹ mú ìpẹ́ kan ṣoṣo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò ní ju èékánná ìka ọwọ́ tó kéré jù lọ. Ẹ nù ún, ẹ fi sábẹ́ awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá. Ẹ ó rí àwọn òrùka tẹ́ẹ́rẹ́ tó yí ara wọn ká. Ní àárín gbùngbùn, àwọn òrùka náà há mọ́ra wọn: ìgbà tó wà nínú odò nìyẹn, tí kò rí jẹ dáadáa. Lójijì ni àyè á wà láàárín wọn: ó ti dé òkun. Bí ẹ bá wo etí ìpẹ́ náà dáadáa, ẹ lè rí ibi tí òrùka ti já, tó rí ṣákaṣàka, bí ẹni pé nǹkan jẹ ẹ́. Ojú ìyẹn ló ti padà wá yé. Kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹun nígbà tó bá wà nínú odò, nítorí náà ara rẹ̀ á máa jẹ etí ìpẹ́ ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà á padà sókun, òrùka tuntun á yọ, ṣùgbọ́n ojú àpá kò lè jọ ojú ara. Iye àpá yẹn ni iye ìgbà tó ti bímọ.

Ẹyin tó wọ ọkọ̀ ojú omi

Mo fẹ́ ya ibì kan díẹ̀ kí n tó dé orí ẹja pípa. Ní January 1864, ọkọ̀ ojú omi kan tó ń jẹ́ Norfolk gbéra ní England, ó ń lọ sí Australia. Nínú yìnyín tí wọ́n dì sínú rẹ̀ ni ẹyin salmon tó lé ní 90,000 wà, tí wọ́n fi ewédò tútù wé sínú àpótí. Àwọn èèyàn Tasmania fẹ́ salmon lójú méjèèjì. Wọ́n fi nǹkan bí 3,000 ẹyin trout kún un. Odò àárín gúúsù England ni wọ́n ti kó ẹyin trout náà, látinú ẹja tó ń gbé odò. Ìrìn àjò náà gbà tó oṣù mẹ́ta. Nǹkan bí 300 nínú ẹyin trout ló pa.

Salmon ńkọ́? Wọ́n pa, wọ́n dàgbà, wọ́n gba òkun lọ, wọn ò padà. Àwọn ọmọ trout díẹ̀ yẹn ni wọ́n gbilẹ̀ ní Tasmania, àwọn ni wọ́n sì kó dé New Zealand. Kí ló wá ṣẹlẹ̀? Nínú àtọmọdọ́mọ àwọn ẹja odò yìí, àwọn kan wọ òkun, wọ́n sì ń padà wá yé nínú odò, ní ilẹ̀ tí baba ńlá wọn kò dé rí.

Irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ ní ìsàlẹ̀ pátápátá Argentina, ní Tierra del Fuego. Ní 1935, John Goodall kó ẹyin trout láti Chile lọ sí odò Río Grande. Odò ibẹ̀ tutù, oúnjẹ inú rẹ̀ kò pọ̀, òkun tó wà lẹ́nu rẹ̀ sì kún fún oúnjẹ. Àwọn ọmọ ẹja yẹn lọ sókun. Lónìí, àwọn apẹja ń wọ ọkọ̀ òfuurufú láti orílẹ̀-èdè gbogbo lọ síbẹ̀ torí sea trout tó lè ju kílò mẹ́wàá lọ. Ẹyin ní í di àkùkọ, lóòótọ́. Ẹ rántí ọ̀rọ̀ yìí nígbà tí mo bá dé orí ọ̀rọ̀ odò tiwa tí ẹja ń tán nínú rẹ̀, torí ó fi hàn pé òkun wà nínú ẹ̀jẹ̀ gbogbo trout, àní èyí tó jókòó sínú odò kékeré lẹ́yìn ilé yín.

Bí a ṣe ń pa á

Ó tó àkókò ká dé etí odò. Kí wọ́n tó mọ ọ̀pá ìwọ̀ tí mò ń gbé kiri ni àwọn ará ìlú yìí ti ń pa sewin. Coracle ni wọ́n ń wọ̀: ọkọ̀ kékeré róbótó, igi tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n hun, tí wọ́n fi aṣọ bò, tí wọ́n sì kun ọ̀dà sí. Ẹnì kan ló ń gbà, onítọ̀hún á sì gbé e kọ́ ẹ̀yìn lọ sílé. Coracle méjì á na àwọ̀n sáàárín ara wọn, wọ́n á jẹ́ kí omi máa gbé wọn sọ̀ kalẹ̀ lóru. Lórí Tywi, Teifi àti Taf, àwọn ìdílé kan ṣì ń ṣe é títí di òní pẹ̀lú ìwé àṣẹ. Wọn ò pọ̀ mọ́, ìwé àṣẹ náà ò sì pọ̀.

Àwa oníwọ̀ ń kọ́? Òru náà ni tiwa. Kí ló dé tó fi jẹ́ òru? Torí pé sewin ò gbẹ́kẹ̀ lé ẹnikẹ́ni. Nígbà ooru, omi Tywi máa ń mọ́ gaara débi pé ẹ lè ka òkúta ìsàlẹ̀. Ní ọ̀sán, á dì mọ́ inú ibú, abẹ́ gbòǹgbò igi, kò ní mira. Òjìji èèyàn lórí omi, ẹsẹ̀ tó gbá òkúta, ó ti tó. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú, á jáde nínú ibú, á máa rìn lọ síbi tí omi ti fẹ́lẹ́.

Ohun èlò wa kò pọ̀. Ọ̀pá tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá, ríìlì tí a ń ká okùn sí, okùn, àti fly. Fly ni ìdẹ tí wọ́n fi ìyẹ́ àti òwú wé mọ́ ìwọ̀. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni Teal, Blue and Silver. Ẹ gbà, ẹ gbé e kiri, kí olúkúlùkù fojú ara rẹ̀ rí i, ẹ ṣáà ṣọ́ra fún ẹnu rẹ̀. Ẹ wo ara rẹ̀, okùn aláwọ̀ fàdákà ni wọ́n wé yí i ká. Ẹ wo ọrùn rẹ̀, ìyẹ́ aláwọ̀ búlúù ni. Èyí tó bò ó lẹ́yìn ni ìyẹ́ pẹ́pẹ́yẹ igbó, ìlà dúdú àti funfun wà lára rẹ̀. Nínú omi lóru, ẹja kékeré inú òkun ló ń jọ.

Ẹ ó ní, ṣebí ẹ sọ pé kì í jẹun nínú odò, kí ló fi wá ń gbé ìdẹ mì? Àwọn àgbà apẹja ṣì ń jiyàn lé e lórí. Àwọn kan ní ìbínú ni, àwọn kan ní àṣà òkun ni kò tíì kúrò lára rẹ̀. Èmi wà pẹ̀lú àwọn tó ní àṣà òkun, torí pé àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ odò ló máa ń gbé e kíákíá jù.

Bàbá àgbà kan, ará Wales, tó ń gbé nítòsí Llandeilo, ló kọ́ mi. Ó ní kí n máa pe òun lórúkọ bí wọ́n ṣe ń ṣe níbí, ẹnu mi kò gbà á. Bàbá ni mo ń pè é títí tó fi mọ́ ọn lára. Ní òru tí mo kọ́kọ́ tẹ̀ lé e, oòrùn ti wọ̀, àwọn àdán ti ń fò lórí omi, ẹja ti ń ta lókè ibú. Ara mi kò gbà á mọ́. Mo ní, “Bàbá, ṣé ká wọ odò wàyí?”

Kò dáhùn. Ó na ọwọ́ sí òdòdó kan nínú koríko lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàtà rẹ̀, ó ní, “Àwọ̀ wo lèyí?”

Mo ní, “Yẹ́lò ni, sà.”

Ó ní, “Jókòó. Bí o kò bá mọ àwọ̀ rẹ̀ mọ́, a ó wọlé.”

Bọ́rọ̀ ṣe rí nìyẹn. Ẹni tó bá wọ odò kí ilẹ̀ tó ṣú dáadáa, á lé ẹja padà sínú ibú, ó sì ti ba òru náà jẹ́ fún ara rẹ̀ àti fún ẹni tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Òkun kì í hó ruru ká wà á ruru. Ọ̀sán ni kí ẹ ti lọ wo ibi tí ẹ ó dúró: ibo ni òkúta wà, ibo ló jìn, ẹ̀ka igi wo ló lè gba okùn yín lẹ́yìn. Ẹ má tan tọ́ọ̀ṣì sójú omi láé. Bí ẹ bá fẹ́ so ìwọ̀, ẹ kẹ̀yìn sódò, ẹ jìnnà sí etí rẹ̀.

Òru náà kì í rí bákan náà láti àṣálẹ́ dé òwúrọ̀. Ní wákàtí àkọ́kọ́, ẹja wà ní ìparí ibú níbi tí omi ti fẹ́lẹ́, wọ́n ń rìn. Okùn tó ń léfòó la máa ń lò. Ẹ ju okùn sọ́dà, kó wà ní ìdà-gẹ́rẹ́ sísàlẹ̀, kí omi máa wọ́ fly náà kọjá níwájú wọn, kí ẹ sì máa fa okùn díẹ̀díẹ̀. Tó bá kọjá ọ̀gànjọ́, gbogbo rẹ̀ á dákẹ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn á kó ẹrù wọn, wọ́n á lọ sílé. Ẹja náà kò lọ o, ó wọ ìsàlẹ̀ ni. Nígbà yẹn la máa ń pààrọ̀ okùn sí èyí tó ń rì, tí a ó fi fly tó tóbi jù sẹ́nu rẹ̀, tí a ó fà á jẹ́jẹ́ nísàlẹ̀ ibú. Ẹja tó tóbi jù, àsìkò yìí ni wọ́n sábà máa ń gbé e. Tí ìkùukùu bá dìde lójú omi ṣá, tí afẹ́fẹ́ tutù ju omi lọ, ọ̀pọ̀ wa ń jókòó mu tíì.

Bí ẹ kò bá rí nǹkan kan, ọwọ́ yín ni ojú yín. Okùn wà láàárín ìka méjì. Ẹ ó máa gbọ́ ìṣàn omi, màlúù tó ń mí ní pápá lẹ́yìn yín, òwìwí. Lójijì, okùn á le gan-an. Kí ẹ tó mí, ó ti fò sókè nínú òkùnkùn, ẹ ò rí i, ẹ kàn gbọ́ bó ṣe já lu omi. Ẹ má wọ́ ọ. Ẹnu sewin rọ̀, ó máa ń ya. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹ jẹ́ kó sáré tó bá fẹ́ sáré, ẹ gba okùn padà nígbà tó bá sinmi, ẹ rì àwọ̀n sínú omi kó tó dé, kí ẹ fà á wọ inú rẹ̀.

Nígbà tó bá wà nínú àwọ̀n, tí ẹ kẹ̀yìn sódò tan tọ́ọ̀ṣì kékeré, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ ìdí rẹ̀. Tí ẹ bá rí àwọn kòkòrò pẹlẹbẹ aláwọ̀ ilẹ̀ tó lẹ̀ mọ́ ọn, tí okùn tẹ́ẹ́rẹ́ méjì ń wọ́ lẹ́yìn wọn, iná òkun ni, bí iná orí ṣe máa ń wà lórí èèyàn. Kì í pẹ́ kú nínú omi odò. Tí ẹ bá rí i, ẹja yẹn kò tíì ju ọjọ́ mélòó kan lọ tó kúrò nínú òkun. Inú mi máa ń dùn tí mo bá rí i.

Ẹja ń tán

Iná òkun yìí kan náà ló ti fa ẹkún níbòmíràn. Loch Maree ní Scotland, adágún tó lókìkí káyé torí sea trout, ẹja rẹ̀ ṣubú lulẹ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1980, lẹ́yìn tí wọ́n gbé oko salmon sínú òkun ní ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní ìwọ̀-oòrùn Ireland ní àsìkò kan náà. Nínú àgò tí salmon kún fọ́fọ́, iná òkun á pọ̀ rẹpẹtẹ, wọ́n á wá bo ọmọ sea trout kékeré tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde sókun, wọ́n á máa jẹ awọ ara rẹ̀.

Ti Wales yàtọ̀, ṣùgbọ́n kò sàn. Sewin ti dín kù gan-an ní ọ̀pọ̀ odò wa. Ohun tó fà á ju ẹyọ kan lọ. Omi ìgbẹ́ màlúù tó ń ṣàn wọ odò láti oko wà níbẹ̀. Erùpẹ̀ tó ń dí àárín òkúta wẹ́wẹ́, tí atẹ́gùn ò fi dé ọ̀dọ̀ ẹyin, wà níbẹ̀. Omi tó ń gbóná, ìgbà ooru tí òjò kì í tó, àgbàrá ìgbà òtútù tó ń gbá ẹyin lọ, gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀. Ìdídò Llyn Brianne, tí wọ́n parí ní 1972, dí ọ̀nà òkè Tywi mọ́ ẹja. Mi ò bú ẹnikẹ́ni o. Omi tí púpọ̀ nínú wa ń bù mu ní Swansea, látinú Tywi ni. Ṣùgbọ́n tí a bá ń mu omi odò kan, ọ̀rọ̀ odò náà ti di ọ̀rọ̀ wa. Odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀ ló ń gbẹ, àwa tí a ń mu ún náà kò sì gbọ́dọ̀ gbàgbé.

Ìjọba Wales kò káwọ́ gbera. Láti ọdún 2020, ẹni tó bá fi ìwọ̀ mú salmon ní odò Wales gbọ́dọ̀ dá a padà sómi láàyè. Sewin tó bá ju 60 sẹ̀ǹtímítà lọ, bákan náà. Láti 2009 ni òfin sì ti ní kí ẹnikẹ́ni má ta salmon tàbí sea trout tó fi ìwọ̀ pa.

Mo mọ ohun tó wà lọ́kàn yín. Ọ̀kan nínú ẹ̀yin ìyá wa sọ ọ́ sójú mi lọ́jọ́ kan. Wọ́n ní, “O fi oorun sílẹ̀, o fi ìyàwó sílẹ̀, o dúró nínú omi tútù títí ilẹ̀ fi mọ́, o mú ẹja tó tó báyìí, o wá tún gbé e padà sódò? Ṣé orí rẹ pé báyìí?” Màmá, ẹ wà níbí, ẹ kú àdúrótì. Ìbéèrè tó tọ́ lẹ bi mí. Ibi tí a ti wá, ẹni tó bá pẹja tí kò gbé e wálé, ó ti fi oúnjẹ ọmọ rẹ̀ ṣòfò.

Màmá, ìdáhùn mi nìyí. Ẹja tó bá ti ju 60 sẹ̀ǹtímítà lọ, ìyá ni, àfi díẹ̀ nínú wọn. Ó ti lọ sókun, ó ti padà, bóyá lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ẹ̀ẹ̀mẹ́rin. Ẹgbẹ̀rún ẹyin lọ́nà mẹ́rin ló gbé dání. Ó sì lágbára láti gbẹ́ ihò tó jìn, débi tí àgbàrá kò fi ní kó ẹyin rẹ̀ lọ bó ṣe ń kó ti àwọn kéékèèké. Tí n bá gbé e wálé, a ó fi ata sí i, a ó jẹ ẹ́ tán lálẹ́ ọjọ́ kan. Tí n bá dá a padà, á yé ní November, á sì tún lè wá yé lọ́dún tó ń bọ̀ àti èyí tó tẹ̀ lé e. Ẹni tó pa á kò pa ẹja kan; ó pa odindi agbo ọmọ tí wọn ò tíì bí. Èyí tó kéré, tí òfin gbà láyè, mo lè mú ọ̀kan wálé lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, màmá, n ó sì fi ránṣẹ́ sí yín. Ẹran rẹ̀ pọ́n díẹ̀, ó dùn ju salmon ilé ìtajà lọ dáadáa.

Dídá ẹja padà náà ní ọ̀nà tirẹ̀. A máa ń fi ẹ̀mú tẹ ẹ̀gún ìwọ̀ pẹlẹbẹ kó tó wọ omi, kó lè yọ kíákíá. Ẹ rẹ ọwọ́ yín sínú omi kí ẹ tó fọwọ́ kàn án, torí ọwọ́ gbígbẹ á bó ohun yíyọ̀ tó bo ara rẹ̀. Ẹ má gbé e sórí koríko torí fọ́tò. Ẹ jẹ́ kó wà nínú omi, kí ẹ kọjú rẹ̀ sí òkè odò, kí ẹ fi ọwọ́ kan di ìdí ìrù rẹ̀ mú, èkejì lábẹ́ àyà. Ẹ ní sùúrù. Ó lè gba ìṣẹ́jú kan, ó lè gba márùn-ún. Nígbà tó bá ṣe tán, fúnra rẹ̀ ni yóò já kúrò lọ́wọ́ yín.

Ẹ̀yin tó bá fẹ́ bá mi lọ

Àwọn kan ti ní àwọn fẹ́ bá mi lọ. Ẹ káàbọ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá ti pé ọmọ ọdún 13 gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ ìjọba kó tó fi ìwọ̀ sómi; ó jẹ́ ọ̀fẹ́ fún àwọn ọmọ ọdún 13 sí 16. Ti salmon àti sea trout ni kí ẹ gbà, èyí tó wà fún trout lásán kò tó. Ẹ tún gbọ́dọ̀ gba àyè lọ́wọ́ ẹni tó ni etí odò tàbí ẹgbẹ́ apẹja tó ń bójú tó o, torí kò sí bèbè Tywi tí kò ní olówó. Ẹ má dá lọ lóru. Ẹ mú ọ̀pá ìtìlẹ̀ dání, ẹ wọ ẹ̀wù tó ń múni léfòó, ẹ sọ fún ará ilé yín ibi tí ẹ ó wà. Òru June pàápàá tutù nínú omi, ẹ wọ aṣọ tó nípọn.

Ẹ̀yin tí ẹ kò fẹ́ mú ìwọ̀ dání, tí ẹ kàn fẹ́ kí àwọn ọmọ yín rí ẹja yìí, ẹ dúró di November. Ní àwọn odò kéékèèké tó ń ṣàn wọ Cothi, odò tó ń wọ Tywi, nígbà tí omi bá fà díẹ̀ lẹ́yìn òjò, ẹ lè dúró lórí afárá kí ẹ rí abo níbi tó ti ń gbẹ́ ihò lójú ọ̀sán gangan, tí àwọn akọ kéékèèké ń yọ́ lọ yọ́ bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ máa rí ojú òkúta tó mọ́ funfun láàárín òkúta dúdú, ẹ má jẹ́ kí ọmọ kankan tẹ̀ ẹ́, ẹyin wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ lọ, kó kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé kó tó kúrò níbí, n ó fi ọjọ́ ránṣẹ́ sí yín lórí WhatsApp ẹgbẹ́ wa. Ẹ ṣeun, mo dúpẹ́. Ẹni tó bá ní ìbéèrè, mo ti ṣe tán.